Bí Sàlímọ́tù Ṣe Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnì Ìlọta Rẹ̀

Kò sí ilé kan ní apá ibi tí a ń gbé ní Orozo, ní Àbújá, tí kò tíì jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ Sàlímọ́tù rí. Ata ló ń lọ̀. Ó ń lọ ẹ̀wà àkàrà, ó ń lọ ẹ̀gúsí, ó ń lọ àgbàdo ògì. Tí oṣù ààwẹ̀ bá sì dé, ọkà bàbà tí àwọn Hausa fi ń ṣe kúnú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e wá.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí òun àti Àbdùlsàmàd ọkọ rẹ̀ ti dé Àbújá. Birikilà ni ọkọ yìí. Nígbà náà, ilé ń hù káàkiri ìlú bí olú, ó sì rò pé ọdún méjì péré ni àwọn máa lò, kí àwọn tó kó ẹrù padà sílé. Ọdún méjì di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́wàá. Fèyí ọmọ wọn àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n dé, Àbújá ló ti kàwé jáde.

Sàlímọ́tù kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ìdí àtẹ ló kọ́kọ́ wà, ó ń ta ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹni tó bá ra ata lọ́wọ́ òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Karshi kó tó rí ibi tí wọ́n á ti bá a lọ̀ ọ́. Ó dá àjọ fún ọdún méjì. Nígbà tó kó o, ó fi ra ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì àlòkù kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọta tí bẹ́líìtì gígùn so mọ́ ọn.

Nígbà tí Àbdùlsàmàd rí i, ó yí i po, ó ní, “Irú ẹ́ńjìnì yìí, ọkùnrin ló ń yí i dìde o.”

“Ta ló kọ́ ọkùnrin ọ̀hún?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ẹni tó kọ́ Sàlímọ́tù ni Bùsàrí, mẹkáníìkì ọmọ Ẹdẹ kan tó ń tún ẹ́ńjìnì àwọn onílọta ṣe láti Orozo títí dé Karshi. Ọkùnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì díẹ̀, á sì ti mọ ohun tó ń ṣe é kó tó wọlé. Ó fi han Sàlímọ́tù bí wọ́n ṣe ń di irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnì mú láìká àtàǹpàkò mọ́ ọn, nítorí pé tí ẹ́ńjìnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ èèyàn lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Sàlímọ́tù gbàgbé. Irin ta padà, ó ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó lo oṣù kan àtààbọ̀ nílé. Ọjọ́ tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì ló fi yí i, ẹ́ńjìnì sì dìde.

Bí ó ṣe di gbajúmọ̀ nìyẹn. Tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ti ké ní àárọ̀, àwọn obìnrin ládùúgbò á mọ̀ pé Ìyá Fèyí ti ṣí, wọn á gbé abọ́ ata wọn lérí. Ó fi iṣẹ́ náà rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé, nítorí pé iṣẹ́ birikilà, ó ní ìgbà tó ń wà, ó ní ìgbà tí kì í sí.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Èéfín rẹ̀ ti sọ ògiri ṣọ́ọ̀bù di dúdú bíi ìdí ìkòkò. Epo dúdú tí Bùsàrí bá fà jáde nínú rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, koríko ò sì hù níbẹ̀ mọ́. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá á gbé epo náà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí Rosemary ń gbé. Ọmọ Benue ni Rosemary, àkàrà ló ń dín lẹ́bàá títì, kò sì sí oníbàárà tó ń gbé ẹ̀wà wá tó o. Kànga kan wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ tí gbogbo ará ilé ti pa tì. Tí wọ́n bá fa omi rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa dán, á ní àwọ̀ oríṣiríṣi bíi ti òṣùmàrè. Omi tí wọ́n ń tì kiri lórí bárò ni wọ́n ń rà. Rosemary ò fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà gbà pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Nígbà tó yá, dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Lítà kan tí kò tó ọ̀ọ́dúnrún náírà tẹ́lẹ̀ wá kọjá ẹgbẹ̀rún. Sàlímọ́tù fi díẹ̀ lé owó tó ń gbà. Àwọn oníbàárà kùn, wọ́n san án. Ó tún fi díẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò kùn mọ́, ata ni wọ́n dín kù. Ẹni tó ń gbé abọ́ ńlá wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé abọ́ kékeré wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rosemary gbé ẹ̀wà rẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi Píjìn sọ fún un, pẹ̀lú ìtìjú, pé oníbàárà kan sọ pé àkàrà òun ń rùn bíi tírélà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ kí Sàlímọ́tù tó gbọ́.

Àbdùlsàmàd ló kọ́kọ́ kíyè sí ọ̀rọ̀ etí yìí. Ó rí i pé ìyàwó òun kì í gbọ́ ìpè àdúrà mọ́, bẹ́ẹ̀ mọ́ṣáláṣí ò jìnnà sí ilé wọn. Tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní láti pariwo, òun náà á sì fi ariwo dáhùn, àwọn ayálégbé tó wà lápá kejì sì rò pé ojoojúmọ́ ni tọkọtaya yìí ń jà. Tí ó bá sọ fún un pé etí rẹ̀ ti ń lọ, á ní àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ sínú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú àpò ata lórí. Kẹ̀kẹ́ akérò kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè. Sàlímọ́tù yà sí àárín ọ̀nà kó lè yẹra fún kòtò. Kẹ̀kẹ́ náà fi ẹ̀gbẹ́ gbá a ní ìbàdí, ó ṣubú, ata fọ́n káàkiri. Ẹni tó ń wà á bọ́ sílẹ̀. Ó ń búra fún àwọn tó péjọ pé láti òkèèrè ni òun ti ń fọn fèrè, kí wọ́n bi àwọn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ òun. Sàlímọ́tù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ẹnu ọmọkùnrin náà bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ ba òun.

Ìbàdí rẹ̀ ò ṣẹ́, ó wú ni. Ṣùgbọ́n Àbdùlsàmàd ò gbà kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì yẹ etí rẹ̀ wò. Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ó gbọ́ Yorùbá. Ó jókòó síwájú Sàlímọ́tù gan-an, kí ìyẹn lè máa wo ẹnu òun.

“Mama, irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Mò ń lọ ata.”

“Ó ti tó ọdún mélòó?”

“Ó ti tó mẹ́rìnlá.”

Dókítà náà kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ariwo ẹ́ńjìnì yẹn ló ń jẹ etí yín. Èyí tó ti lọ kì í padà, Mama. Èyí tó kù la fẹ́ gbà sílẹ̀.”

Wọ́n fún un ní nǹkan tí á máa fi dí etí tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò gbọ́ ẹ́ńjìnì, kò sì gbọ́ oníbàárà. Ẹni tó ní kí ó má lọ̀ ọ́ kúná, ó lọ tirẹ̀ kúná. Ẹni tó ní kí ó lọ̀ ọ́ kúná, odidi èso ata ló bá nínú tirẹ̀. Sàlímọ́tù yọ ohun tó fi dí etí náà sọ nù.

Fèyí ló mú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì oníná wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Idu, tó ń so sólà, tí wọ́n fi ń rí iná láti ara oòrùn, mọ́ orí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ nípa kẹ̀kẹ́ tó gbá ìyá rẹ̀, ó sì wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Àbújá yìí, wọ́n máa ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Fèyí wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó nílò rí.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ra ẹ́ńjìnì oníná. Kì í pariwo, kò ní èéfín, kò sí pé ẹ ń ra epo.”

“Iná Orozo ńkọ́?”

“Ó ń wà lọ́sàn-án báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí kò bá sí, ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ máa fi rọ́pò.”

Bùsàrí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó wá yọ epo dúdú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ àkísà, ó ní, “Fèyí, níbo ni iná ọ̀hún ti ń wá? Ṣebí gáàsì ni wọ́n ń sun níbì kan láti fi ṣe é?”

“Òótọ́ ni, sà. Wọ́n ń sun gáàsì, wọ́n sì ń lo omi odò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni wọ́n ti ń sun ún.”

Bùsàrí kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, “Ìyá Fèyí, ẹ máa pè mí láìpẹ́.” Ó sì lọ. Oṣù méjì gbáko, kò yà níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dun Sàlímọ́tù, nítorí ó mọ ohun tó fà á. Onílọta mẹ́fà ni ọkùnrin náà ń tọ́jú ẹ́ńjìnì wọn, tirẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yà sí. Bí òun bá gbé dísẹ́ẹ̀lì jù sílẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé òun.

Síbẹ̀, ó rà á. Fèyí san díẹ̀, òun náà san díẹ̀. Wọ́n so ẹ́ńjìnì oníná mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí, tí wọ́n ń pè ní púlì, sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan nínú púlì méjì tí ẹ́ńjìnì àtijọ́ ní ni wọ́n yọ lò, kí wọ́n má baà ra òmíràn. Lọ́jọ́ kìíní, Sàlímọ́tù tẹ ohun tí wọ́n fi ń tàn án, ẹ̀rọ ìlọta sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ó jókòó, ó ń dúró de oníbàárà. Títí ọ̀sán fi pọ́n, ẹnikẹ́ni ò wá. Èmi náà ò lọ. Gbogbo wa rò pé ara rẹ̀ ò yá, nítorí a ò gbọ́ ẹ́ńjìnì. Rosemary tó kàn ń kọjá ló rí i níbi tó jókòó sí, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ pé Mama wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, inú gbogbo wa dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bó ṣe ń lọ ẹ̀wà Rosemary lọ́wọ́, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ṣọ́ọ̀bù kan. Èéfín funfun rú jáde lára ẹ́ńjìnì tuntun, ó sì kú. Àwọn tó tà á wá wò ó, wọ́n ní iná Orozo tí kò lágbára tó ló jó okùn bàbà inú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n tún okùn wé sí i, wọ́n sì gbé e padà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó tún jó.

Lẹ́yìn èyí, Sàlímọ́tù padà sídìí irin. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gbàgbé iṣẹ́ náà díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kó tó dìde. Ariwo gba àdúgbò. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní iná ìjọba ti fi ìyà jẹ Ìyá Fèyí. Ó lọ ata gbogbo wọn. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Àbdùlsàmàd bá a níbi tó ti ń fọ ẹ̀rọ, omijé wà lójú rẹ̀. Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a fọ̀ ọ́ tán.

Àbdùlsàmàd ló lọ bá Bùsàrí nílé rẹ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin méjèèjì bá ara wọn sọ, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kejì, Bùsàrí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń wo ẹ́ńjìnì oníná tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì tí ẹnikẹ́ni ò tíì láyà láti tàn.

“Ẹ tàn án fún mi,” ló wí.

Sàlímọ́tù tàn án. Bùsàrí ò wo ẹ́ńjìnì, ẹ̀rọ ìlọta ló tẹ́tí sí, bó ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ tó fi gbé ọwọ́ sókè pé kí ó pa á.

“Ta ló fi púlì yìí síbẹ̀?”

“Ti àtijọ́ ni. Àwọn tó so ó ló yọ ọ́ lò.”

“Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì yín ń rọra yí ni. Èyí ń yí bíi ìlọ́po méjì rẹ̀. Tí ẹ bá wá fi púlì ńlá yìí sí i lẹ́nu, eré àsápajúdé ló ń lé ẹ̀rọ ìlọta yìí sá. Ẹ di ẹrù ràkúnmí ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àìtó iná kọ́ ló pa á. Ẹrù ló pa á.”

Ó fi okùn wọn ẹnu ẹ́ńjìnì náà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Kubwa, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó mọ̀ tó ń gé irin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó mú púlì kékeré kan dé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó, ó tún bẹ́líìtì fà, ó sì wò ó títí tí wọ́n fi lọ ẹ̀wà kíkún abọ́ ńlá mẹ́rin láìdúró. Ó gbé ọwọ́ lé ara ẹ́ńjìnì. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kò gbóná. Nígbà tí Sàlímọ́tù béèrè iye iṣẹ́ rẹ̀, ó ní owó ọkọ̀ Kubwa nìkan ni kó san.

Láti ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnì náà ò jó mọ́. Ohun tí Sàlímọ́tù ń ná sórí iná kò tó ìdajì ohun tó ń ná sórí dísẹ́ẹ̀lì, ó sì dín owó tó ń gbà kù fún àwọn oníbàárà. Àwọn abọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Rosemary ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tírélà mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló bọ́ sípò. Etí tó ti lọ ò padà, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ. Omi kànga ilé Rosemary ṣì ń dán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò da epo dúdú sílẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Fèyí ní ó lè gba ọdún púpọ̀. Ọjọ́ tí iná bá sì lọ fún odidi ọjọ́, wọ́n ṣì ń jí ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà dìde.

Àwọn onílọta yòókù wá wò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún kan, mẹ́rin nínú wọn ti ra oníná, Bùsàrí ló sì bá gbogbo wọn so ó. Inú Sàlímọ́tù dùn, ó rò pé ọ̀nà ti là fún un. Lọ́jọ́ kan tí Bùsàrí ń bá a tún bẹ́líìtì ṣe, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Bùsàrí rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Fèyí, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń ṣàìsàn lóṣooṣù. Òun ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ mi. Èyí tí mo so fún yín yìí, láti ọjọ́ yẹn, kí ló ti ṣe é? Bẹ́líìtì. Tí mo bá ti so ti gbogbo onílọta tán, kí ló kù tí mo fẹ́ ṣe?”

Sàlímọ́tù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yàtọ̀. Ó gbé omi fún un, ó sì jókòó tì í.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí nígbà tó yá, “Fèyí ní ilé iṣẹ́ òun ní Idu ti ń ta ẹ́ńjìnì oníná náà báyìí, wọ́n ń wá ẹni tó mọ irin, tó lè máa lọ so ó fún àwọn onílọta ní ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní, ìwé ni wọ́n mọ̀. Púlì yín yẹn, gbogbo wọn ló ti gbọ́ nípa rẹ̀.”

“Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.”

“Wọn ò ní kí ẹ sáré.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ní òun gbà, kò sì ní òun kọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lọ rí wọn. Ọjọ́ tó máa lọ, ó wọ kaftáànì tó fọ̀ tó lọ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Sàlímọ́tù láti béèrè ọkọ̀ tó yẹ kí òun wọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Àbújá. Sàlímọ́tù ṣàlàyé fún un. Lẹ́yìn èyí, ó bu ọṣẹ àti omi gbígbóná, ó ní kó jókòó, ó sì mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ fọ epo dúdú tó ti wọ inú èékánná rẹ̀. Kò lọ tán. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí ọkọ̀ fi dé.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ, owó rẹ̀ ò tó ti ìgbà tí dísẹ́ẹ̀lì ń ṣàìsàn lóṣooṣù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Lóṣù tó kọjá, wọ́n rán an lọ so ẹ́ńjìnì fún obìnrin onílọta kan lọ́nà Kaduna. Obìnrin náà bi í pé ṣé òun nìkan lè máa lò ó láìsí ọkùnrin nítòsí. Bùsàrí ní òun mọ ẹnì kan ní Orozo tó lè dá a lóhùn. Ó tẹ Sàlímọ́tù láago, ó sì gbé fóònù fún obìnrin náà. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ pẹ́, ọ̀kan ń pariwo ní ìhà ibí, èkejì ń pariwo ní ìhà ọ̀hún, títí kírédíìtì fi tán.